Ọdẹ́jayí àti Èèkàn Owó Eré Òkè-Ìṣẹ́pẹ́

Ẹ gbé àga yín sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń hà lọ́fun, kí ó tètè wú u dànù, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ tán, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lókè, ẹran orí ààrò yìí kò tíì gbẹ, ẹmu sì wà nínú akèrègbè. Kí la tún ń wá? Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi ni mo dojú kọ ẹfọ̀n mẹ́ta ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, tí mo pa méjì, tí ẹ̀kẹta fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ẹnu ọ̀nà mi wá túúbá. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kí ó lọ bi ẹfọ̀n.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́jayí ará Òkè-Ìṣẹ́pẹ́, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran lórí àpáta tí kò ní erùpẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí ìtàn náà kò dùn mọ́ ọn nínú.

Ọkùnrin tó ń fura ni Ọdẹ́jayí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bu omi fún un, yóò bi í pé odò wo ló ti pọn ọ́n. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ tí kò yẹ, yóò ní ta ló rán an. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, pẹpẹ tí kò bá fura yóò já, àjà tí kò bá fura yóò jìn. Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí pẹpẹ tirẹ̀ já láéláé. Ohun tó sá fún kọ́ ni ó wá bá a.

Láyé ọjọ́un, kò sí ibi eré kankan ní Òkè-Ìṣẹ́pẹ́ ju ojú ọjà lọ. Àárín ìkòkò àti igbá làwọn ọ̀dọ́ ti ń ja ìjàkadì. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣánlẹ̀ sórí ìkòkò epo mẹ́rin, epo náà sì ṣàn dé ẹsẹ̀ Baálẹ̀ Láṣebìkan níbi tó jókòó sí. Ìyẹn ló mú Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ó ní kí ìlú kọ́ gbọ̀ngàn kan tí a ó ti máa ja ìjàkadì, tí àwọn àgbà yóò ti máa ta ayò, tí àwọn apàlọ́ àti akọrin yóò ti máa ṣe tiwọn, tí òjò kò ní í tú ẹnikẹ́ni ká. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Nígbà tó wá kan ta ni yóò sanwó rẹ̀, ọwọ́ dákẹ́. Àwọn ará òkè odò ní àwọn kò ní í fi owó iṣu kọ́lé fún àwọn tó ń tàkìtì.

Nígbà náà ni Baálẹ̀ fa ààlà. Ó ní àwọn ilé tó yí ibi tí gbọ̀ngàn náà yóò wà ká, ẹnu ọ̀nà wọn ni àlejò yóò máa gbà kọjá, níwájú ilé wọn ni ẹmu àti àkàrà yóò ti máa tà. Nítorí náà, àwọn nìkan ni kí ó máa san owó eré ní gbogbo ìtàdógún, títí di ọjọ́ tí gbọ̀ngàn bá dúró. Ọgọ́fà ilé ni wọ́n. Wọ́n ri èèkàn ìyeyè mọ́ ilẹ̀ yí wọn ká. Ẹni tó wà nínú èèkàn, sísan ló ń san. Ẹni tó wà lẹ́yìn èèkàn, kò kàn án.

Etí ààlà gan-an ni ilé Ọdẹ́jayí wà. Èèkàn kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà kò san ẹyọ owó kan, bẹ́ẹ̀ ariwo eré kan náà ni yóò máa bọ́ sí etí àwọn méjèèjì láti inú gbọ̀ngàn náà. Ọ̀rọ̀ yìí ń gún un lára. Ní gbogbo ìtàdógún, kí ó tó lọ sí igbó, yóò ka owó eré lé ìyàwó rẹ̀ Àmọ̀kẹ́ lọ́wọ́, yóò kùn, yóò sì lọ.

Kò sí mọlémọlé kan nílẹ̀ wa tó lè kọ́ irú gbọ̀ngàn tí Baálẹ̀ ń fẹ́. Àwọn iwin Ìlú Àìlópòó nìkan ló mọ bí a ṣe ń kọ́ ilé ńlá tí òpó kankan kì í dúró láàárín rẹ̀ láti dí òǹwòran lójú. Àwọn iwin náà kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn wọ ìlú wọn. Ìlú bá yan obìnrin kan, Ẹfúnbọ̀wálé, opó tó ní oko obì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ká irọ́ mọ́ lẹ́nu, pé kí ó máa gba owó eré, kí ó sì máa rù ú lọ fún àwọn akọ́lé náà lọ́dọọdún. Ọdún kìíní, ó lọ, ó bọ̀, ó ní, "Ó kù díẹ̀." Ọdún kejì, ó kù díẹ̀. Ọdún kẹta, ó ṣì kù díẹ̀. Kò sí ohun tó wà nílẹ̀ ju ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lọ.

Ní ìpàdé ọdún kẹrin, Ọdẹ́jayí dìde.

"Baálẹ̀, ẹ ó pẹ́ o," ó ní. "Ewúrẹ́ mi ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn yìí. N kò mọ̀ pé gbọ̀ngàn ewúrẹ́ la ń kọ́."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ọdẹ́jayí, sọ ohun tó wà nínú rẹ."

"Ibi tí owó ń wọ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rù ú lọ. Ẹnì kan náà ló ń bọ̀ wá sọ fún wa pé ó kù díẹ̀. Díẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, báwo ló ṣe tóbi tó?"

Gbogbo ojú yí sí Ẹfúnbọ̀wálé. Obìnrin náà kò bínú, kò gbọ̀n, kò búra. Ìyẹn gan-an ló mú ọkàn Ọdẹ́jayí le sí i, nítorí ẹran tó bá dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ó gbóòórùn ọdẹ, ó ní ibi tó ń lọ.

"Ọdẹ," ni Ẹfúnbọ̀wálé wí, "ọ̀la ni mò ń lọ. Máa ká lọ."

Bí wọ́n ṣe jọ lọ nìyẹn. Obìnrin náà wà níwájú pẹ̀lú ẹrù lórí, Ọdẹ́jayí wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn léjìká. Ó ní kí òun bá a rù ú. Ẹfúnbọ̀wálé ní rárá. Ọ̀gá mi sọ fún ara rẹ̀ pé ẹrù tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ti ẹnu mu. Nígbà tó pẹ́, ó tún fi ọgbọ́n wádìí.

"Ìyá, mo gba ẹ̀yìn oko yín kọjá níjẹta. N kò mọ àwọn tí mo rí tí wọ́n ń ká obì níbẹ̀. Àbí ẹ ti gba alágbàṣe?"

"Ojú ọdẹ mú," ni Ẹfúnbọ̀wálé fèsì, kò sì sọ nǹkan mìíràn títí tí wọ́n fi wọ igbó tí oòrùn kì í dé ilẹ̀ rẹ̀.

Ní àárín igbó náà, wọ́n bá Adúró-lójú-ààlà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ kò tíì rí nǹkan. Iwin yìí fi ẹsẹ̀ kan sí apá ọ̀tún odò, ó fi èkejì sí apá òsì, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọ̀nà gbà. Orí rẹ̀ dà bí òkìtì ọ̀gán, irun rẹ̀ ń yọ ewé. Bí Ọdẹ́jayí ti kọjá sí abẹ́ rẹ̀, ó pa orúnkún méjèèjì pọ̀, ó há a mọ́ àárín bí ẹni tó fi ẹ̀mú mú irin. Ọ̀gá mi yìnbọn sí i. Ọta náà rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀pà yíyan, iwin náà sì ṣà á jẹ. (Bó bá jẹ́ èmi ni, ìtàn ì bá parí síbẹ̀, nítorí n kì í yìnbọn fún ẹni tó ní eyín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa sọ ti ọ̀gá mi lọ.)

"Dá mi lóhùn kí n tó ṣí ọ̀nà," ni iwin wí. "Ohun kan wà ní ìlú yín. Bí ojú bá wà lára rẹ̀, á dúró gbọn-in. Bí ojú bá kúrò lára rẹ̀, á rìn. Kò lẹ́sẹ̀, kò sì níyẹ̀ẹ́. Kí ni?"

"Owó ìlú ni!" ni Ọdẹ́jayí ké, ó ń wo Ẹfúnbọ̀wálé bó ti ń sọ ọ́.

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ẹyẹ fi já bọ́ láti orí igi. "Ìdáhùn rẹ dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Ìyá, ìwọ mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ kí n fi ọmọ yìí sílẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ẹfúnbọ̀wálé wí. "N kò ní í sọ ọ́."

"Nígbà náà, sanwó."

Obìnrin náà tú iyùn ọrùn rẹ̀, ó nà án sókè. Iwin gbà á, ó la orúnkún rẹ̀, Ọdẹ́jayí sì ṣubú sínú odò pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Ó jáde, omi ń kán lára rẹ̀, kò dúpẹ́. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè. Báwo ni iwin ṣe mọ obìnrin yìí dáadáa tó bẹ́ẹ̀? Níbo ni opó ti rí iyùn? Kí ni ohun tí ó mọ̀ tí ó kọ̀ láti sọ lójú òun? Láti ìgbà náà lọ, kò jẹ́ kí Ẹfúnbọ̀wálé fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá jìnnà sí òun.

Ìlú tí wọ́n kàn lẹ́yìn èyí dùn ún wò. Gbọ̀ngàn kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n lẹ ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́ ara ògiri rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí ojú omi. Kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀ àfi baba arúgbó kan tó ń gbálẹ̀. Gbogbo ará ìlú wà níta nínú oòrùn, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ kékeré, wọ́n ń fọ́ òkúta.

"Baba, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ọdẹ́jayí wí. "Ta ló ń ṣeré nínú ilé ńlá yìí?"

"Eré kẹ̀?" Baba náà dúró, ó fi ara ti ìgbálẹ̀. "Ta ló ráyè? Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n ní ká máa san owó tí a ó fi máa nù ún. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ká san owó àwọn tó ń gba owó ìnùlẹ̀. Wọ́n sún èèkàn síwájú, wọ́n tún sún un, títí ó fi gba ìlú kan. Owó eré là ń wá látàárọ̀ dalẹ́. Ọmọ mi mẹ́fà, kò sí èyí tó tíì wọ ibí rí. Èmi ń wọ̀ ọ́ nítorí ìgbálẹ̀."

Ọdẹ́jayí yíjú sí Ẹfúnbọ̀wálé. "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́?"

"Ọdọọdún ni mo máa ń gbọ́ ọ. Èmi ni mo sọ fún Baálẹ̀ lọ́dún kìíní pé ọjọ́ tí gbọ̀ngàn tiwa bá dúró, ọjọ́ náà ni kí owó dúró."

Kí ọ̀gá mi tó ronú sí i, àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta dé, orí wọn dà bí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ní àwọn àlejò ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ inú èèkàn, owó eré sì ti di dandan fún wọn. Bí wọn kò bá ní in, kí wọ́n fi òkúta fífọ́ ọdún mẹ́ta san án. Ọwọ́ wọn ti fẹ́ kan ẹrù orí Ẹfúnbọ̀wálé.

"Ẹ dúró ná," ni Ọdẹ́jayí wí. "Ilé eré nìyí tàbí ilé iṣẹ́? Bó bá jẹ́ ilé eré, ẹ jẹ́ ká ṣeré. Ẹni tó bá gbé mi ṣubú, kí ó mú mi lọ."

Ojú ti àwọn ẹ̀ṣọ́ láti sá. Èkíní wọlé, Ọdẹ́jayí fi ẹsẹ̀ gbá a, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ariwo ìṣubú yẹn jáde sí ìgboro. Àwọn tó ń fọ́ òkúta gbé ojú sókè. Nígbà tí èkejì máa fi ṣubú, àwọn ọmọdé ti ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí ọ̀gá mi àti ẹ̀kẹta di ara wọn mú, gbọ̀ngàn ti kún dé ẹnu, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń pe orúkọ fún un, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó gbé ẹ̀ṣọ́ náà sókè, ó yí i po, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Baba arúgbó ju ìgbálẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dìde, wọ́n ń lé àwọn èèyàn padà sídìí òkúta, kò sí ẹni tó mira. Àwọn ọ̀dọ́ méjì ti di ara wọn mú láàárín ilé. Nínú rúkèrúdò yẹn ni àwọn àlejò méjèèjì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ní ojú ọ̀nà, Ẹfúnbọ̀wálé sọ ẹrù kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdẹ, ìyẹn ni mo fẹ́ rí nílé kí n tó kú," ó ní. "Ìyẹn gan-an." Fún ìgbà díẹ̀, ọ̀gá mi gbàgbé pé ẹni tí òun ń ṣọ́ nìyí. Lẹ́yìn náà, ó rántí.

Wọ́n dé Ìlú Àìlópòó ní ọjọ́ kejì. Olórí àwọn akọ́lé ibẹ̀ kò ní ojú lórí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ojú rẹ̀ wà, kí ó lè máa fi wo bí ògiri bá tọ́. Olójú-Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó gba ẹrù náà, ó fọwọ́ pa á lára, ó sì mi orí.

"Ìyá, kò tó."

"Mo mọ̀," ni Ẹfúnbọ̀wálé wí.

Ọdẹ́jayí fò síwájú. "Báwo ni kò ṣe tó? Ọgọ́fà ilé ló ń sanwó! Níbo ló dúró sí lójú ọ̀nà?" Ìbọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí òun fẹ́ nà án sí.

Iwin náà kò bá a jà. Ó tẹ́ ẹní kan sílẹ̀. Wọ́n hun Òkè-Ìṣẹ́pẹ́ sára ẹní náà, odò rẹ̀, àpáta rẹ̀, òrùlé kọ̀ọ̀kan, àti èèkàn kékeré tó yí wọn ká. Ó ní, "Ẹní yìí kì í parọ́. Ohun tí ìlú yín bá ṣe nílé, á ṣe níbí." Ọdẹ́jayí tẹ̀ ba, ó wò ó. Èèkàn náà kò yí ọgọ́fà ilé ká mọ́. Àwọn èèkàn ti sún mọ́ ara wọn, wọ́n ti yípo yípo kọjá níwájú ilé dípò ẹ̀yìnkùlé, títí ó fi ku nǹkan bí ọgbọ̀n òrùlé nínú rẹ̀. Bó ti ń wò ó, èèkàn kan dìde lórí ẹní náà, ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rìn, ó gbin ara rẹ̀ sí iwájú ilé kan. Ibẹ̀ ni ìdáhùn àlọ́ Adúró-lójú-ààlà ti yé e.

Ọ̀gá mi wá ilé tirẹ̀. Ó rí i. Ìta ló wà.

"Mo ń sanwó!" ó ní. "Ní gbogbo ìtàdógún, mo ń kà á lé Àmọ̀kẹ́ lọ́wọ́!"

Ẹfúnbọ̀wálé ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀gá mi gbé ìbọn rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, láti ìgbà wo?"

"Ọdún méjì. Ìyàwó rẹ fa èèkàn tu nígbà tí o wà nígbó. Ó sọ fún mi pé ilé òun ti bọ́ síta, kí n má wá mọ́. Kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ọdẹ. Ó rí àwọn ará ilé kejì tó ṣe é."

"Ta ló wá ń san án?"

"Oko obì ni mo fi san ti ọdún kejì. Ohun ọ̀ṣọ́ ìyá mi ni ti ọdún kẹta. Èyí tó kù nínú rẹ̀ ni iwin gbà lọ́wọ́ mi nítorí rẹ."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?" Ohùn Ọdẹ́jayí ti lọ sókè. "Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlú máa pè yín lólè! Ẹ jẹ́ kí èmi náà máa ṣọ́ yín bí ẹkùn!"

"Bí mo bá pe àádọ́rùn-ún ilé lólè lójú ọjà, ta ni yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn náà? Ṣé èmi àti àwọn ewúrẹ́ rẹ?"

"Ẹ ṣì parọ́ fún wa. Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀."

Obìnrin náà gba ọ̀rọ̀ yìí. "Mo parọ́," ó ní. "Mo rò pé n ó rí i dí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

Olójú-Àtẹ́lẹwọ́ wá sọ ohun tí Ẹfúnbọ̀wálé kò sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò. Òun àti obìnrin náà ti ṣàdéhùn lọ́dún tó kọjá pé bí owó kò bá tún tó, Ẹfúnbọ̀wálé yóò dúró ní Ìlú Àìlópòó, yóò máa po amọ̀ fún àwọn iwin fún ọdún méje, wọn yóò sì kọ́ gbọ̀ngàn náà. Ìdí tí ó fi gbà kí Ọdẹ́jayí bá òun wá nìyí, kí ẹnì kan lè padà sílé lọ ròyìn fún ìlú pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ níwájú iwin. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mo sọ fún yín pé kò dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀ rí láìkùn. "Ẹ fún mi ní ìtàdógún kan. Bí èèkàn bá padà sí ibi tí wọ́n rì í sí, ẹ fi Ìyá sílẹ̀, kí ìlú fi ọdún kan san ìyókù."

"Iye ilé tó bá padà wọlé," ni iwin dáhùn, "òun ni òrùlé tí mo máa kọ́. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ju ìdajì lọ, obìnrin yìí di tiwa. Máa lọ."

N kò ní í sọ bí ó ṣe sáré dé ilé; ẹni tí iná ń jó kì í ka ẹ̀gún. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló kọ́kọ́ lọ. Àmọ̀kẹ́ ń gún nǹkan nínú odó.

"Níbo ni èèkàn wà?"

Àmọ̀kẹ́ wo ojú rẹ̀, kò sẹ́. "Owó tí o ń kùn lé lórí ní gbogbo ìtàdógún, òun lo ti ń jẹ láti ọdún méjì. Iyọ̀, epo, aṣọ ọmọ. O kò bi mí léèrè bí ẹran igbó kan ṣe ń tó wa. Ohun gbogbo lo máa ń bèèrè, Ọdẹ́jayí, kò kan ìyẹn rí."

Ọ̀gá mi bá jáde lọ sí ọjà, ó sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ariwo fi gbalẹ̀. Wọ́n ní ẹní wo ló ń rìn? Wọ́n ní iwin wo? Ògúnmákin alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọlà lọ́jọ́ kan náà, bọ́ síwájú. "Ọdẹ́jayí, ìwọ lo ní kí a fura sí obìnrin yìí. O bá a lọ, o bọ̀, ó wá di ẹni mímọ́. Èló ló fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí lu ọ̀gá mi ju orúnkún iwin lọ. Kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Ó dúró, ó wo ilẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń wò ó nígbà tí ipasẹ̀ bá pòórá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rántí pé igi ìyeyè kì í kú. Ẹ ri ín mọ́lẹ̀ lásán, yóò ta gbòǹgbò. Ẹ fà á tu, gbòǹgbò tó bá ṣẹ́ sínú ilẹ̀ yóò tún hù.

"Ẹ tẹ̀ lé mi," ó ní.

Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ló kọ́kọ́ mú wọn lọ. Ó ya koríko sí méjì. Ọ̀mùnú ìyeyè kan dúró níbẹ̀, kò ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ tutù. "Ibí ni èèkàn mi wà kí ilé mi tó jalè," ó wí, Àmọ̀kẹ́ sì ń gbọ́. Ó tún rìn síwájú, ó ya koríko ilé kejì. Ọ̀mùnú mìíràn. Ẹ̀yìn ilé amọ̀kòkò, ọ̀mùnú. Ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ Ògúnmákin, ọ̀mùnú méjì. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni gbin ọgbà, wọ́n yí gbogbo àdúgbò ká, àwọn èèyàn tó tẹ̀ lé e sì ń dín kù bí ó ti ń dé ẹ̀yìn ilé wọn. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀ Láṣebìkan, ẹni márùn-ún péré ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ya koríko. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde síta, ó wo ọ̀mùnú náà.

"Àwọn ọmọ mi ló ṣe é," ni Baálẹ̀ wí.

"Bóyá," ni Ọdẹ́jayí dáhùn. Ó sì pa koríko náà dé.

Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, ìró òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Àmọ̀kẹ́ ri tiwọn padà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìtàdógún fi pé, gbogbo èèkàn ti padà sí ipò rẹ̀, àfi ti ilé mẹ́jọ tí wọ́n ní ọ̀mùnú ẹ̀yìnkùlé àwọn, ẹyẹ ló gbìn ín.

Àwọn iwin gbé gbọ̀ngàn náà wá, tògiri tòrùlé, bí èèrà ti ń gbé tata, Ẹfúnbọ̀wálé ń rìn níwájú wọn, amọ̀ tó ti ń bá wọn pò bò ó lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ìpìlẹ̀, wọ́n sì lọ. Kò sí òpó kankan láàárín rẹ̀. Ní igun kan, òrùlé náà kò pé. Ibi tí ìpín ilé mẹ́jọ ì bá bò ṣí sílẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, igun yẹn ń tutù di òní, ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó síbẹ̀.

Ìlú fi ẹnu jẹ́jẹ̀ẹ́ pé wọn yóò ra oko obì Ẹfúnbọ̀wálé padà. Wọn kò rà á. Nígbà tí wọ́n ní kí ó gba owó ọdún kan tó kù, ó ní ọrùn òun ń dun òun, ó lọ jókòó sínú gbọ̀ngàn, ó ń wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà. Kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé e fún Ọdẹ́jayí.

Ní ọjọ́ kìíní, ilé Ògúnmákin ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé owó jáde, ó kà á lójú rẹ̀, ó tún un kà, lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wo apá ọ̀gá mi, ó wo àpò rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n ti jọ jẹun nínú àwo kan fún ọgbọ̀n ọdún. Ọdẹ́jayí mọ irú ìwò yẹn dáadáa; òun gan-an ló fi wo ẹ̀yìn Ẹfúnbọ̀wálé já gbogbo igbó. Ó dúró títí tí alágbẹ̀dẹ náà fi wò ó tẹ́rùn. Ó gba owó náà, ó ní, "O ṣé o, Ògúnmákin," ó sì kọjá sí ilé kejì.

Ibi tí ẹnu mi kà á dé nìyí. Ẹ yí ẹran yẹn padà kí ó tó jóná, kí ẹni tí akèrègbè wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì jọ̀wọ́ rántí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀.